Pọ́ǹpù Márùn-ún Lórí Pẹpẹ

3.

…bàálù ológun mẹ́fà ni wọ́n lójú ẹni tó bá ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Nínú ìwé ọ̀gá ibùdó náà, mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ inú gáréèjì yóò rí i pé bàálù akẹ́rù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí márùn-ún yòókù ń fi ẹran ara wọn bọ́.


4. BÍ WỌ́N ṢE WÀ

Kìíní: kò ní ẹnjíìnì. Ẹyẹ ti yé ẹyin síbẹ̀.
Ìkejì: yóò fò, bó bá rí táyà iwájú àti pọ́ǹpù epo.
Ìkẹta: orí àpótí onígi ló jókòó lé. Wọ́n ti bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún Ìkẹrin.
Ìkẹrin: ó ń fò.
Ìkarùn-ún: ẹ má béèrè.
Ìkẹfà: àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá wò ó. Ọ̀dà ara rẹ̀ dára gan-an.


5.

Obìnrin tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ gáréèjì yìí, Ìyá Sítọ́ọ̀ ni tàgbà tèwe ń pè é. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ nìyí láàárín pẹpẹ onírin. Àwọn bàálù náà dàgbà jù ú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n ti ń fò.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Sájẹ́ǹtì ni ọmọ náà nínú Ìkẹrin. Òun ló ń to ẹrù, òun ló ń fi okùn dè é, òun ló ń sọ fún àwọn ọmọ ogun pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

“Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lókè, èmi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Sítọ́ọ̀ máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín.


6. ÒFIN KÁÀDÌ
(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀)

KÁÀDÌ ÀWỌ̀ EWÉ: ohun èlò yìí dára. Ẹ lò ó.
KÁÀDÌ PUPA: ohun èlò yìí ti kú. Ẹ MÁ ṢE lò ó.

Lábẹ́ rẹ̀, bíírò ni wọ́n fi kọ èyí:

Káàdì pupa ti tán. Kí òmíràn tó dé, káàdì àwọ̀ ewé tí a bá so òwú pupa mọ́, pupa ni.

Ọdún méjì ti kọjá tí wọ́n ti kọ ọ́.


7.

Àlejò máa ń béèrè pé, kí ló dé tí ẹ kò da èyí tó ti kú nù?

Nítorí pé òkú ń tọ́jú alààyè níbí. Bóòtù kan lára rẹ̀, rọ́bà kan, ìdérí kan. Ẹni tó ń lẹ aṣọ kì í da àkísà nù.


8. ÌWÉ ÀṢẸ
Láti ọ̀dọ̀: Ọ̀gá àgbà tuntun
Sí: gbogbo òṣìṣẹ́

Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Kí a kun ògiri. Kí a to pẹpẹ bó ṣe yẹ, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn. Kí a kó gbogbo òwú, okùn, àkísà àti ìdọ̀tí kúrò lára ohun èlò.

Kò sí àwáwí.


9.

Ìyá Sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi àlùmọ́gàjí gé àwọn òwú pupa náà.


10.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ó lọ bá ọ̀gá náà, ó ṣàlàyé òwú. Ọ̀gá ní, “Ìyá, ṣé àwọn àlejò máa wá bá òwú lára ohun èlò ìjọba?” Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ènìyàn kì í bá a jiyàn lórí àwo.

Ó padà, ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó gé òwú kankan:

   Pẹpẹ kẹta. Pọ́ǹpù epo, márùn-ún.
   Láti apá ògiri:
   èkíní    KÚ
   èkejì    dára
   ẹ̀kẹta    KÚ
   ẹ̀kẹrin    KÚ
   ẹ̀karùn-ún    dára

Nọ́ńbà tó wà lára wọn ti pa rẹ́ tipẹ́. Ojú kan náà ni wọ́n ní bí ìbejì. Ibi tí wọ́n jókòó sí nìkan ni a fi ń dá wọn mọ̀.


11.

Àwọn kan ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n to pẹpẹ náà. Irọ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ìyá Sítọ́ọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣomi. Wọ́n kán oògùn sí i, wọ́n ní kó sinmi, kó má wọlé iṣẹ́ títí di Àbámẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ogun mẹ́rin wá to pẹpẹ. Wọ́n gbé ohun gbogbo sílẹ̀. Wọ́n fi epo nù ún. Wọ́n gbé e padà, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn.

Ó ń dán gbinrin.


12. ÌWÉ ÀLEJÒ, ỌJỌ́RÚ

“Gbogbo sítọ́ọ̀ tí a ti dé, kò sí èyí tó mọ́ tó èyí. Ẹ kú iṣẹ́.”


13.

Ọjọ́bọ̀: pọ́ǹpù epo kan fọ́ lára Ìkẹrin.

Ọjọ́ Ẹtì: Bàbá Sípánà, olórí àwọn makẹ́níìkì, rán ènìyàn sí sítọ́ọ̀. Ẹni tí a rán wo káàdì. Àwọ̀ ewé. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ewé. Ó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ìyá Sítọ́ọ̀ wọlé, ìwé kékeré lọ́wọ́. Mẹ́rin ló bá.


14. GÁRÉÈJÌ, AAGO MẸ́JỌ ÀÁRỌ̀

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Bàbá Sípánà, ẹ tú pọ́ǹpù yẹn.

SÍPÁNÀ: Ẹ káàárọ̀ ná, Ìyá.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Ẹ káàárọ̀. Ẹ tú u.

SÍPÁNÀ: Ṣé ó ti kú ni?

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Mi ò mọ̀.

SÍPÁNÀ: Ó yè nìyẹn.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Mo ní mi ò mọ̀! Márùn-ún ni wọ́n. Mẹ́ta ti kú, méjì yè. Àwọn ọmọ ogun tó to pẹpẹ ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

SÍPÁNÀ: A ti tan ẹnjíìnì yẹn fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń dún bí oyin.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Ta lẹ̀ ń tàn? Gbogbo wọn ló ń dún bí oyin nílẹ̀. Òkè ni wọ́n ti ń gbóná, òkè ni wọ́n ti ń jo. Ẹ fi ẹ̀rọ ìdánwò dán an wò.

SÍPÁNÀ: Ẹ̀rọ wo? Èyí tí a tú fún Ìkẹta lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn?

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Ẹ tú u, mo bẹ̀ yín.

SÍPÁNÀ: Ó dáa. Mo tú u. Èwo ni kí n fi rọ́pò ẹ̀? Ẹ tọ́ka sí ọ̀kan, Ìyá. Kí ẹ búra sí i, kí n lọ sọ fún ọ̀gá.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: (ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó tún pa á dé)

SÍPÁNÀ: Ẹ̀ẹ́n.


15. LẸ́SẸ̀ ÀKÀSỌ̀ ÌKẸRIN, AAGO MẸ́JỌ ÀÀBỌ̀

ỌMỌ: Màámi, ojú yín ti sàn?

ÌYÁ: Sọ fún wọn pé inú ń run ọ́.

ỌMỌ: Sájẹ́ǹtì ò ní inú, Màámi. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní bàtà ni wọ́n ti gba tiwa.

ÌYÁ: Mi ò bá ẹ ṣeré.

ỌMỌ: Mo mọ̀. Bàbá Sípánà ti sọ fún wa. Àwọn awakọ̀ náà ti gbọ́.

ÌYÁ: Ẹ gbọ́, ẹ sì ń lọ?

ỌMỌ: Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló há sójú ogun lọ́hùn-ún. Mọ́kànlá nínú wọn ò lè dìde. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń retí wa, ọ̀tá sì ti dí ojú ọ̀nà. Ta ni ó lọ kó wọn, Màámi? Ṣé Ìkẹfà?

ÌYÁ: Ìwọ nìkan ni mo bí.

ỌMỌ: Àwọn ìyá tiwọn náà wà níbì kan. (ó rẹ́rìn-ín díẹ̀) Ẹnjíìnì mẹ́rin ló ní. Kódà bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó láti gbé e wálé. Ẹ lọ jókòó. Ẹ jẹun.


16.

Mẹ́ta tó, bí mẹ́ta náà bá dára.


17. PÁTÁKÓ ARA ÒGIRI

ÌKẸRIN
Ó gbéra: 9.10
Ó dé ọ̀hún: 11.25
Ó kúrò lọ́hùn-ún: 12.40. Ènìyàn 41.
Yóò dé ilé: 2.55
Ó dé ilé:


18. RÉDÍÒ

1.32   ÌKẸRIN: Ẹnjíìnì k         ń gbóná. A fẹ́ p
1.32   ILÉ: Ẹ tún un sọ. Ẹnjíìnì èwo?
1.34   ÌKẸRIN:         òjò wà níwájú, a ń yà sí
1.35   ILÉ: Ẹ tún un sọ.
1.41   ILÉ: Ìkẹrin, ibo lẹ wà?
1.50   ILÉ: Ìkẹrin, ẹ dáhùn.
2.04   ILÉ: Ìkẹrin.


19.

Ìyá Sítọ́ọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ rédíò pé, “Ẹnjíìnì èwo ni wọ́n ní ó ń gbóná? Ṣé èkejì ni?” Nítorí ara èkejì ni pọ́ǹpù yẹn wà.

“Ìyá, ariwo ló gbé e lọ. Ó lè jẹ́ èkíní, ó lè jẹ́ èkejì. Gbogbo wọn ló ti gbó.”


20.

Ní aago mẹ́ta, ẹnì kan gbé àga wá fún un.

Fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sẹ́ni tó gbé àga fún un rí nínú gáréèjì yẹn. Ó wo àga náà. Ó wo àwọn tó ń wo ilẹ̀.

Kò jókòó.


21. ÌWÉ ÀṢẸ

Kí a múra Ìkejì sílẹ̀ kíákíá láti lọ wá Ìkẹrin kí ilẹ̀ tó ṣú.


22. SÍTỌ́Ọ̀, AAGO MẸ́TA KỌJÁ OGÚN ÌṢẸ́JÚ

SÍPÁNÀ: A ti bọ́ táyà Ìkẹfà fún un. Pọ́ǹpù nìkan ló kù.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Àwọn wo ló ń lọ?

SÍPÁNÀ: Ènìyàn márùn-ún.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Mo ní àwọn wo.

SÍPÁNÀ: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀kan. Mi ò mọ ìyá àwọn tó kù.

ÌYÁ SÍTỌ́Ọ̀: Ṣé wọ́n mọ̀?

SÍPÁNÀ: Wọ́n mọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, Ìyá. Ohun tí ọwọ́ yín bá mú ni a ó lò. Oòrùn ń lọ.


23.

Mẹ́rin ló wà lórí pẹpẹ. Wọ́n ń dán.

Bí èyí tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ òkú, a jẹ́ pé méjì ló dára nínú mẹ́rin yìí.

Bí èyí tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ alààyè, a jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló dára.

Bàbá Sípánà ti na ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá Sítọ́ọ̀ ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló dára.