Èéfín Tó Ń Tẹ̀lé Bàbá Onítírélà

Télọ̀ ni Ìyá Ìbéèrè, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìjẹ́ pé ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta wò bí aṣọ. Nígbà tí Sípánà, mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú kirikiri, tó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ti kú, pé àfi kí òun tú u palẹ̀, obìnrin náà kò káwọ́ lérí. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Kí ló pa á?"

Sípánà wo ọkọ Ìyá. Bàbá Onítírélà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ńlá akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, wo òkè àjà.

"Ìyá, ọkọ̀ ń rú èéfín. Tí mo bá tú u lónìí, á tó oṣù kan kó tó dìde."

"Oṣù kan? Ọmọ mi tó ń retí mi lọ́la ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àbíkẹ́yìn wọn fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀ níbi tó jìn, oyún ti wọ oṣù rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sẹ́ni tí yóò dúró tì í. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ kì í lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì ti lọ lánàá. Ẹrù Ìyá ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, aṣọ ọmọ tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Èéfín wo gan-an?" ni obìnrin náà bi wọ́n léèrè. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń wa ọkọ̀ yìí ni? Mo gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà lánàá, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé wa tirẹ̀ tẹ̀ lé mi títí délé. Kò rí èéfín kankan."

"Kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ ra awò ojú," ni Bàbá wí. "Nígbà tí mo dé níjẹta, fọkanáísà iwájú ilé ní òun ò rí ọkọ̀, èéfín lòun rí. Ó ní òun rò pé ilé kan ló ń jó bọ̀."

"Èyí ni pé ẹ̀yin nìkan ni èéfín náà mọ̀."

"Ṣé èmi ni mò ń mu sìgá nídìí ọkọ̀ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sípánà, ó tètè gbé e mì. Ìyá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí i.

"Jókòó. Àwọ̀ wo ni?"

"Búlúù, Ìyá."

"Tó bá jẹ́ dúdú ńkọ́?"

"Dúdú, epo ló ń jẹ jù, kò rí atẹ́gùn tó. Funfun tó kọ̀ tí kò lọ, tí omi ràdíétọ̀ sì ń dín, omi ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀."

"Ìgbà wo ló ń rú u? Láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ẹ̀, àbí tó bá ń gun òkè?"

Sípánà ṣí fìlà, ó họ orí. "Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú. Láàárọ̀, fìrì ni mo rí i, ó sì lọ. Mo tẹ epo mọ́lẹ̀ ní gáréèjì títí àwọn aládùúgbò fi bú mi, kò rú. Tó bá jẹ́ rìńgì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ tán ni, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ni ì bá máa wúkọ́. Ṣùgbọ́n mo tú púlọ́ọ̀gì, mo rí i pé ọ́ìlì ti rin ọ̀kan gbindin. Bàbá náà sì ń rí èéfín nínú dígí."

"Èyí ni pé o ò mọ ohun tó ń ṣe é."

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ìdí tí mo fi fẹ́ tú u nìyẹn."

"O fẹ́ la inú aláìsàn torí pé o ò mọ ibi tó ń dùn ún! Dìde jàre. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lójú ọ̀nà."

"O fẹ́ lọ bi sàlẹ́ńsà léèrè ọ̀rọ̀ ni?" Bàbá ń kùn, ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà.

Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gun òkè lọ síbi táǹkì omi, kó tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sídìí afárá, ni wọ́n gbà. Sípánà kúnlẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn, ó kọjú sí gíláàsì ẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà. Ìyá ló kọ́kọ́ wà á. Wọ́n gun òkè: èéfín kankan ò yọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ kíláàṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ọkọ̀ ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ara Bàbá ò gbà á mọ́.

"Ẹ ò rí i? Ó ń fi bíréèkì sọ̀ kalẹ̀! Odidi ìyàwó mi!"

"Sípánà, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkankan, Ìyá. Ojú ọ̀nà mọ́ lóló."

Wọ́n yí padà síbi tí wọ́n ti gbéra, Bàbá bọ́ sídìí ọkọ̀. Ká sòótọ́, ọkùnrin yìí mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tó dé góńgó òkè, ó ti gíà sí ìkejì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo pátápátá, ẹ́ńjìnnì sì di ọkọ̀ mú, ó ń kùn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Kò fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Ìdí afárá ló ti tẹ epo.

"Yéè! Ó dé o!" Sípánà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí lu gíláàsì. Búlúù ti bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣépè.

"Ẹ dúró!" ni Ìyá wí. "Kí lẹ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mi ò ṣe nǹkankan."

"Kí wá lẹ ò ṣe?"

Bàbá ronú. "Mi ò tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá gbé símẹ́ńtì sẹ́yìn tó ń fi bíréèkì sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ikú. Gíà ni wọ́n fi ń di ọkọ̀ mú. Gíà ló jẹ́ kó o ṣì ní ọkọ nílé."

"Símẹ́ńtì dà níbí? Ẹ sún, kí n ṣe é bíi tiyín."

Wọ́n padà sórí òkè, Ìyá ti gíà bíi ti ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò bíi tirẹ̀. Èéfín rú. Ó ní kí Bàbá náà ṣe bíi tòun. Bàbá tẹ bíréèkì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Èéfín kankan ò rú.

Sípánà lu iwájú orí ara rẹ̀. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí epo, tí táyà sì ń fipá yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà atẹ́gùn ti pa dé. Á wá máa fà bí ọmọ tó ń fa ọmú tó gbẹ, ohun tó bá rí ló máa fà mu. Rọ́bà kékeré kan wà lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan tó ń dá ọ́ìlì dúró. Ti ọkọ̀ yìí ti le, ọ́ìlì ń gbabẹ̀ wọlé. Tí Bàbá bá wá tẹ epo, ó jó."

"Ẹ́ńjìnnì ò kú?"

"Kò kú, Ìyá. Rọ́bà ni màá pààrọ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbí, àfi kí n ránṣẹ́ sí i."

"Ṣé ó lè gbé mi dọ́dọ̀ ọmọ mi?"

Sípánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ géèjì ọ́ìlì, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó gbé e sójú oòrùn. "Ó dín díẹ̀ ni. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan dání, ẹ máa yọ géèjì wò níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró. Á gbé yín débẹ̀."

Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Èmi ò lọ," ni Bàbá wí. "Òkè ló kún ọ̀nà yẹn. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣì ń wa tírélà níbẹ̀. Kí wọ́n rí mi, kí n máa rú bí ààrò? Àbí kí n máa tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń kọ́ mọ́tò?"

Ìyá na ọwọ́. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ta ló fẹ́ wà á?"

"Èmi ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ò mọ̀ mí, kò sì sí ohun tó fẹ́ tì mí lójú. Ẹ jókòó ti ilé."

Kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó wo òkè tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Òkè tó wà níwájú lọ́hùn-ún ga ju èyí lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Tó o bá fi bíréèkì nìkan sọ̀ ọ́, á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Níbẹ̀ yẹn, gíà kejì ni o. Kó máa rú èéfín, kó rú u dójú ọ̀run. Èmi ni màá jókòó tì ọ́, màá sọ fún ẹ ìgbà tó o máa tì í."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dé òkè ńlá náà. "Tì í sí ìkejì!" ni Bàbá wí, Ìyá sì tì í. Ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó tẹ epo nísàlẹ̀, búlúù bo títì. Tírélà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fọn fèrè gbọọrọ, ó sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awakọ̀ náà sì yọ orí síta.

"Ọ̀gá! Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú èéfín yìí?"

Bàbá Onítírélà yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá. "Èmi náà ni! Kúrò lọ́nà, ọmọ mi fẹ́ bímọ!"