Èyí Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kéré Jù

Bàbá wa, tó jẹ́ káfíńtà, ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fún èmi àti àbúrò mi obìnrin, nítorí kíláàsì kan náà la wà. Ó ní ká jọ máa lò ó. Bàbá ò tíì bá àbúrò mi pín búrẹ́dì rí ni.

Ohun tí à ń kọ́ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín agbára rẹ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ètò yòókù. Òun ló ń sọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ báyìí àti èyí tí yóò ṣì dúró. Olùkọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi kọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kékeré, fúnra wa. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, kó má padà wá mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kọ́ àbúrò mi, torí kò yé e. Mo ya àwòrán fún un, mo tún fi ọwọ́ ara mi kọ àlàyé sínú ìwé fún un. Nígbà tó fi máa yé e, tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tèmi ò sì ju ojú ewé kan lọ. Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà fún mi. Ó gbé e fún mi lóòótọ́, àmọ́ ó mú ṣájà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n parí tèmi ná."

"Mú ṣájà wá ná."

Bátìrì kú. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó jókòó ti ṣájà, kò sẹ́ni tó fẹ́ yà fún ẹnì kejì. Olùkọ́ ti kọ́ wa ní èyí gan-an: ètò méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ohun tí èkejì nílò mú, kò sì sí èyí tó lè tẹ̀síwájú. Ó dùn mí pé mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún ń ṣe é. Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá gbọ́ ariwo wa, ó wọlé tòun ti ayùn lọ́wọ́.

"Kí ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí?"

Àbúrò mi ṣí ìwé tí mo kọ fún un. "Ó máa ń pa ọ̀kan, Bàbá."

"Èwo?"

"Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù, kí òfò má baà pọ̀."

Bàbá bi mí pé ojú ewé mélòó ni mo ti kọ. Mo ní ọ̀kan.

"Àmọ́ wọ́n máa ń tún un bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Tí èkejì bá ti parí, wọ́n á tún èyí tí wọ́n pa bẹ̀rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ìwé yẹn."

Bàbá kò mọ̀wé kà. Ó kọjú sí àbúrò mi. "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Ó yí ìwé náà, ó wò ó dáadáa, ó tún un yí padà. "Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

Mo nawọ́ láti gba ìwé, Bàbá ní kí n jókòó. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún un, ó ní kí n máa bọ̀ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ibẹ̀ ni mo wà báyìí, mò ń ha pákó kó lè dán. Àbúrò mi yege. Ó mú ìwé ìdánwò rẹ̀ wálé, inú Bàbá dùn, ó fi ìṣó kan án mọ́ ògiri ìsọ̀ lókè orí mi. Tí oníbàárà bá wọlé, èmi ló máa ń ní kí n kà á fún wọn. Ìbéèrè kẹrin ni pé kí ni a ń ṣe sí ètò tí a pa. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló kọ síbẹ̀: a gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ fi bírò pupa sàmì sí i pé ó gbà á.

Mo máa ń ka ìyẹn ketekete. Bàbá á máa mi orí, á ní ẹ gbọ́ bí ọmọ òun ṣe mọ̀wé.