Ọjọ́ Méjì Tí Ìyá Ìyàwó Fi Wo Zaria

Ẹnu ló kó Fọláwùmí sí wàhálà. Ẹnu náà la sì fi ń jẹun, kò ṣe é gé jù nù.

Gbémiga, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ló lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ìbàdàn, tó rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Beulah. Ọ̀rọ̀ dọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àmọ́ ìyá Beulah fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ní òun kò ní í fi ọmọ òun ránṣẹ́ sí ìlú tí òun ò mọ̀, ìlú tí òun kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Bí Gbémiga bá fẹ́ Beulah lóòótọ́, kó wáṣẹ́ wá sí Ìbàdàn. Gbémiga sì ti ní in lọ́kàn pé bó bá di dandan, òun á lọ. Bó bá lọ, ta ló kù fún Fọláwùmí, opó tí orí ń funfun? Òun àti àwọn ìró aṣọ inú ìsọ̀ rẹ̀ ló kù, aṣọ kì í sì í kíni káàárọ̀.

Ni Fọláwùmí bá gbé fóònù.

"Àna mi, ẹ wá wò ó ná. Òpin ọ̀sẹ̀ kan péré. Gbogbo ayé ló ń sáré lọ ṣeré ní Àbújá, wọ́n ń sáré lọ Jọs, wọn ò mọ̀ pé Zaria ló dùn. Òkè Kufena wà níbí, tí ẹ bá dúró lórí ẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ìlú bí ẹni wonú àwo. Odi àtijọ́ ńkọ́? Ojúde ọba ńkọ́? Atẹ́gùn ibí nìkan, ẹ ó sùn bí ọmọ tuntun."

Ó ń ròyìn bí ẹni tó bí òkè náà lọ́mọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún kejìdínlógójì rèé tó ti kúrò ní Kàbà wá sí Zaria, kò fẹsẹ̀ tẹ ìkankan nínú wọn rí. Ilé rẹ̀ ń bẹ ní àdúgbò Tudun Wada, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń bẹ ní Tudun Wada, ìsọ̀ rẹ̀ ń bẹ ní àdúgbò PZ. Ilé, ìsọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀, ilé, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Birni, ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, kò jìnnà sí i rárá. Èèyàn á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Kò lọ. Òkè Kufena tó ń fi yangàn, ara kàlẹ́ńdà ìsọ̀ rẹ̀ ló ti rí i.

Ìyá Beulah dé ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Ó wọ bàálù dé Àbújá, ó wọ rélùwéè dé Kàdúná, Gbémiga fi takisí lọ gbé e wálé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, tí í gé ọ̀rọ̀ ní kúkúrú bí ẹni ń gé okùn. Ó jẹ iyán, ó dúpẹ́, ó nu ọwọ́.

"Ojú mi ni mo gbé wá, àna mi," ó wí. "Ẹ mú mi rìn lọ́la. Nígbà tí mo bá máa fi lọ ní Sọ́ńdè, mo ti mọ èyí tí n ó sọ fún ọmọ mi."

Gbémiga ló yẹ kó mú wọn rìn. Àfi bí wọ́n ṣe pè é láàárọ̀ Sátidé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dakace pé ẹ̀rọ ti kọṣẹ́, kó máa bọ̀ kíá.

"Màámi, ẹ mú wọn lọ. Ṣebí ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa."

Ó jáde. Kò mọ̀ pé ìyá òun ò mọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí Fọláwùmí ti ń wé gèlè, ó fi orin bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀:

*Ọ̀nà tí mi ò rìn rí,*
*Ẹsẹ̀ mi, má dójú tì mí.*
*Ọ̀nà tí mi ò rìn rí,*
*Ẹnu mi ló ti rìn ín tán.*

"Orin ibo nìyẹn?" Ìyá Beulah bi í.

"Orin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni." Irọ́ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé wọn gba ẹnubodè wọ Birni.

"Kí ni wọ́n ń pe ẹnubodè yìí?"

"Ẹnubodè... Ẹnubodè ńlá ni wọ́n ń pè é."

"Ọba wo ló mọ odi ẹ̀?"

"Ọba àtijọ́ kan ni. Ó ti wàjà."

Ìyá Beulah wò ó lójú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní gbàgede kan níwájú ààfin, níbi tí wọ́n ti ya ọnà sára ilé alámọ̀ bí ẹni ń ya ọnà sára aṣọ. Fọláwùmí ń tọ́ka sókè, ó ń tọ́ka sísàlẹ̀, àlejò kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn. Ó ń yí ẹsẹ̀ padà, ó ń so ìró aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó ní òdòdó funfun mọ́ra. Ẹ̀rù ló ń bà á, ni Fọláwùmí rò; ó ti kórìíra ìlú yìí, ọmọ mi ti lọ Ìbàdàn.

"Ẹ jẹ́ n ra fúrá fún yín. Wàrà tútù ni wọ́n fi ń pò ó, ọkàn yín á balẹ̀."

"N ò fẹ́ mu nǹkan kan," Ìyá Beulah sọ ọ́ kíákíá. "Ẹ bá mi mú báàgì yìí dání. Mo ń bọ̀."

Fọláwùmí gba báàgì. Ó kàn yíjú sí onífúrá pé kó dá ọwọ́ dúró ni. Nígbà tó máa yíjú padà, kò sí Ìyá Beulah mọ́.

Ó dúró díẹ̀. Ó tún dúró. Ó wọ kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ilé alámọ̀ dojú kọ ilé alámọ̀. Ó wọ èkejì, ó jọ ti àkọ́kọ́. Ó wọ ẹ̀kẹta, kò mọ èyí tó ti jáde wá mọ́. Àlejò rẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ Hausa kan, kò ní fóònù lọ́wọ́, ó sì ti ń bẹ̀rù ìlú náà kó tó wọ̀ ọ́.

Báàgì tó wà lábíyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó yọ fóònù náà jáde. Beulah ni. Ó dún, ó dún, Fọláwùmí dì í mú bí ẹni di ẹyin ejò mú. Kí ló máa wí? Pé ìyá rẹ tí mo fi adùn pè wá, mo ti sọ ọ́ nù? Ó dákẹ́. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

*Mo ní kí wọ́n wá jẹun o,*
*Àlejò mi dà?*
*Mo tẹ́ni sílẹ̀ de àlejò,*
*Ẹní wà, àlejò ò sí.*

Ó ń kọ ọ́ bó ti ń rìn lọ. Bàbá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Fọláwùmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Hausa tó gbọ́ kò ju ti ìsọ̀ lọ: èló ni, ó ti wọ́n jù, fi kún un.

"Baba, mata..." Obìnrin, ó ní. Bàbá wo ọ̀nà. Obìnrin pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó mọ̀ jù láyé ló wá sí i lọ́kàn. Aṣọ. Ó fọwọ́ kan ìró ara rẹ̀. "Zani kore," ó wí, ìró aláwọ̀ ewé. "Fulawa fari." Ó ya òdòdó funfun náà sínú erùpẹ̀ fún un, ó ya bó ti tóbi tó, ó fi ìka mẹ́ta han bó ṣe jìnnà síra.

Bàbá kọjú sínú ilé, ó pariwo ọ̀rọ̀ náà. Ohùn obìnrin dáhùn nínú. Obìnrin náà ké e sí ẹ̀yìn ògiri kejì, ti ẹ̀yìn ògiri kejì ké e sí ẹ̀kẹta, wọ́n ń gbé e fún ara wọn bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ń pa iná. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn ti ọ̀nà kan náà padà wá, ògiri dé ògiri. Bàbá dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú un kọjá ilé mẹ́ta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀kẹrin, ó nawọ́ sínú. Òun ò wọlé. Ọkùnrin àjèjì kì í kọjá ibẹ̀.

Inú àgbàlá ni Ìyá Beulah wà, lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Wọ́n ti kun làálì sí i lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Obìnrin mẹ́rin yí i ká, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó jókòó tì í, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ fún ẹnì kejì.

Fọláwùmí jókòó sórí ilẹ̀.

"Àna mi, kí ló dé tí ẹ ń mí bí ẹṣin?"

"Mo rò pé mo ti sọ yín nù."

"Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí láti orí kẹ̀kẹ́. Ojú wá ń tì mí. Báwo ni mo ṣe máa wí i létí àna? Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí wọlé. Bí mo ti jáde nílé ìtọ̀, wọ́n ní n jókòó. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde wá pè yín, wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà bi Fọláwùmí ní Hausa, ó rọra sọ ọ́ kó lè yé e: ó ti pẹ́ tó nínú Zaria? Fọláwùmí dáhùn. Wọ́n wo ara wọn. Ó tún bi í ní ìbéèrè mìíràn.

"Kí ni wọ́n ń wí?" Ìyá Beulah bèèrè.

Irọ́ ti wà lẹ́nu Fọláwùmí, ó ti gún régé. Ó gbé e mì.

"Wọ́n ní ta ni mo mọ̀ nínú Birni. Mo ní n ò mọ ẹnì kan. Àna mi, n ò wọ ibí rí. Gbogbo ohun tí mo ròyìn fún yín, àwòrán ni mo rí."

"Mo ti mọ̀ láti ẹnubodè." Kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe òkúta, kì í ṣe ògiri ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ mi bá ń rọbí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ẹ wà ní ìsọ̀, tí ọkọ ẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ilé ta ni yóò sá wọ̀?"

Fóònù tún dún.

"Ẹ gbé e sí mi létí," Ìyá Beulah wí, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n wé sókè.

Fọláwùmí gbé e sí i létí. Ó ń gbọ́ ohùn Beulah wínníwínní: "Màámi, ẹ ò gbé fóònù. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé Zaria ọ̀hún dáa?"

"N ò tíì rí Zaria. Ilé kan ṣoṣo ni mo rí."

Ó gbé ojú sókè wo Fọláwùmí.

"Ilé náà dáa. Sọ fún Gbémiga kó máa ṣètò ìgbéyàwó yín, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ wáṣẹ́ kankan wá sí Ìbàdàn. Àmọ́ kó o tó dé, ìyá ọkọ rẹ gbọ́dọ̀ ti mọ àwọn tó wà níbí. Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó kan níbí. Tí mo bá ti lọ, òun ló máa bá mi débẹ̀."

Àwọn obìnrin náà ń wo Fọláwùmí, wọ́n ń retí ẹni tí yóò túmọ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà, ó wá a, ó rí i.

"Biki," ó wí, ìgbéyàwó. "Zan zo." Mo ń bọ̀.

Ìyàwó tuntun na ìka méje sókè: ọjọ́ méje òní ni. Àgbà inú wọn sún mọ́ Fọláwùmí, ó bu làálì, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kejì, èyí tí kò di fóònù mú, ó tẹ́ ẹ sórí itan.