Ìparí Tí Wọ́n Yọ Kúrò

"Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ́ sọ́nù," Làbákẹ́ wí.

Àmúdàtù na ọwọ́ sí fóònù tó fi ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Fadilah, ọmọ rẹ̀, ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó mú búrẹ́dì bọ̀ láti Yaba, ṣùgbọ́n kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tó ń jáde nínú fóònù yẹn ni ò jẹ́ kó lè wọlé. Òun ló kọ ọ́.

"Yóò kọ́kọ́ bó èèpo búrẹ́dì náà sí apá kan," ohùn inú fóònù wí, "bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ń sùn."

"Taoheed nìyẹn," Àmúdàtù wí. "Taoheed mi gan-an nìyẹn."

Làbákẹ́, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló kọ́kọ́ gbójú sókè. "Fadilah, ṣé wọn kì í kí èèyàn mọ́ ní Yaba ni?"

Fadilah kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, Àǹtí Làbákẹ́."

"Jókòó, kó o gbọ́ ìtàn," ìyá rẹ̀ wí. "Má sọ̀rọ̀."

Ó jókòó. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ìtàn náà. Ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́, ìpolówó ọṣẹ àti ìpara ló máa ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ, wọ́n ní kí Fadilah máa tún ohun tí ẹ̀rọ bá kọ ṣe, kó máa fi àmì ohùn sórí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò rántí lọ́jọ́ kejì. Ìtàn yìí nìkan ló mọ̀ sí iṣẹ́. Ìdájí ló máa ń jí kọ ọ́, kó tó di pé ó wẹ̀, á sì gbé e sí ojú ewé rẹ̀ lórí Fesibúùkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń kà á ò kún ọkọ̀ kan. Ìyẹn ò dùn ún, nítorí kì í ṣe torí èrò ló ṣe ń kọ ọ́.

Taoheed, àbúrò rẹ̀, ń bá àwọn onípákó ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sà nítòsí Makoko. Ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ ló dojú dé. Fadilah àti Síkírù, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ni wọ́n lọ dá òkú mọ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Wọn ò mú ìyá rẹ̀ dání. Òbí kì í rí òkú ọmọ, òbí kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde ní itẹ́ òkú, Síkírù di Fadilah lápá mú.

"Ohun tó o rí lónìí ò gbọdọ̀ dé etí ìyá rẹ. Gbé e mì."

Fadilah gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yí orúkọ àbúrò rẹ̀ padà sí Ọlánípẹ̀kun. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwé yóò máa ka ara rẹ̀ sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

Benjamin ni orúkọ ẹni tó ni ìkànnì tó kó ìtàn náà. Ó fi ohùn ẹ̀rọ kà á sórí Yútúùbù, ó fi àwòrán tí ẹ̀rọ yà sí i, èrò tó ń gbọ́ ọ sì lè kún Ojú Ẹlẹ́gbà dẹ́nu. Kò sí orúkọ Fadilah níbẹ̀. Nígbà tí Fadilah gbọ́, ó fẹjọ́ sun àwọn tó ni Yútúùbù, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ tó mú búrẹ́dì bọ̀ yìí gan-an ni Benjamin pè é.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni."

"Ọmọ inú mi ni, kì í ṣe agboòrùn tí mo gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ fa ẹjọ́ yẹn padà, màá kọ orúkọ yín gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ìparí yẹn nìkan ni mi ò lè dá padà. Òkú ọ̀hún pọ̀ jù. Ta ló fẹ́ jókòó ti oórì lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi kọ òmíràn ni, èrò sì fẹ́ràn rẹ̀."

Fadilah ní òun yóò fún un lésì kílẹ̀ tó ṣú. Ìparí yẹn ló pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ìtàn náà. Kò lè dákẹ́ kó máa wò wọ́n kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Nísinsìnyí ìtàn ti ń lọ sópin. Ohùn ẹ̀rọ náà kò mọ ibi tó yẹ kó ti mí. Bó ṣe ń ka òjò náà ló ṣe ń ka ikú. Fadilah ń retí omi tó ń kán sílẹ̀ lára pákó tí wọ́n fi gbé òkú bọ̀. Omi kankan ò kán. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá ṣí i, Ọlánípẹ̀kun ló dúró níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá mi, mo ti dé."

Làbákẹ́ fi etí ìró nu ojú. Àmúdàtù ò sunkún. Ó pa fóònù náà, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wọn ò fi òkú hàn mí."

"Màmá."

"Mi ò rí òkú, mi ò mọ oórì. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èyí mọ Taoheed. Ó mọ ti búrẹ́dì. Ó mọ eyín iwájú tó kán. Ta ló sọ fún un? Níbo ló ti rí i?"

"Èmi ni" ti dé orí ahọ́n Fadilah. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lòun kọ ìtàn, wọ́n á bi í léèrè ibi tó parí sí. Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Fadilah bá yín kọ̀wé sí wọn," Làbákẹ́ wí. "Àyè wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Àbí kí ni ìwé tó kà wúlò fún?"

Àmúdàtù gbé fóònù náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èmi Àmúdàtù aránṣọ, ní Mushin, ni mo kí yín. Ọmọkùnrin tí ẹ sọ yìí, ṣé ẹ fojú rí i? Tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò tíì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn."

Fadilah kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún gbólóhùn ṣe. Kò rí ohun tó fẹ́ tún ṣe nínú èyí. Ó fi í ránṣẹ́. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí fóònù fi dún.

"Wọ́n ti dáhùn?" ìyá rẹ̀ béèrè. "Kà á."

Èèyàn kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Fadilah mọ̀ pé ẹ̀rọ ló dáhùn. Síbẹ̀, ó kà á. "Ẹ ṣeun, Àmúdàtù, inú wa dùn pé ẹ gbádùn ìtàn wa. Apá kejì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ má lọ jìnnà."

"Apá kejì," Àmúdàtù wí. Ó gba fóònù náà, ó fi lé àyà. "Ó ṣì ku apá kejì."

Fadilah ní òun ń bọ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Ìparí náà wà níbẹ̀: yanrìn tútù, òkúta tí wọ́n fi sí ibi orí, igi fúrúùtù tó ń já ewé lé wọn lórí bí wọ́n ti ń wa ilẹ̀. Ó kà á tán. Ó mọ̀ pé ó dára. Lẹ́yìn náà ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa á rẹ́. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú. Ó fa ẹjọ́ tó fi sùn padà, ó sì kọ̀wé sí Benjamin: "Ẹ máa lò ó lọ. Ẹ má kọ orúkọ mi sí i."

Èsì dé kíá. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ṣé ẹ lè máa bá wa fi àmì sórí apá kejì tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ tán?"

Ó ti fóònù bọ àpò. Nígbà tó padà wọlé, Làbákẹ́ ti lọ dá oníbàárà lóhùn. Àmúdàtù ti ṣí búrẹ́dì. Ó ti bó èèpo rẹ̀, ó kó o jọ sí etí àwo.

"Fadilah, ìwọ tó o mọ̀wé. Kí lo rò pé ó ń ṣe níbi tó wà?"

Láti ọjọ́ tí Fadilah ti ń kọ̀wé, ìyá rẹ̀ ò béèrè ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ó ti sanra díẹ̀," ó wí. "Ọ̀gá rẹ̀ tuntun fẹ́ràn rẹ̀. Búrẹ́dì ìlú náà rọ̀ ju tiwa lọ, kì í bó o mọ́."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì sún mọ́ ọn.

"Máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Mò ń gbọ́."