Ojú Orúnkún Gàníyù

Orin ni mo fi ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé tí Látífàt ọmọ mi gbé ẹní ìkírun bàbá rẹ̀ padà wá sílé mi ní Peckham, mo ti ń jó kó tó bọ́ bàtà.

Ẹní àtijọ́ ni. Gàníyù ọkọ mi rà á lọ́jà Deptford, láàárín àwọn àga tó ti ṣẹ́. Àwọn obìnrin Balúṣì tó ń da àgùntàn kiri lọ́nà Afghanistan ló hun ún. Irun àgùntàn ni, àwọ̀ rẹ̀ bí ara ràkúnmí, igi eléwé kan dúró láàárín, irun ewúrẹ́ dúdú ni wọ́n fi di etí rẹ̀. Wọ́n tún ya ọwọ́ méjì sókè rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gàníyù a ní, “Mìsítúrà, ìyá tó hun èyí mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé ibi tí ọwọ́ ń gbé tí mo bá forí kanlẹ̀.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kírun lórí rẹ̀. Níbi orúnkún rẹ̀ méjèèjì, irun ẹní náà re tán, ó ku òwú ìsàlẹ̀. Látìgbà tó ti kú, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé orúnkún tèmi sí. Mo dá orin sí i:

Orúnkún ọkọ mi kọ̀wé sórí ẹní,
Èmi tí n kò kàwé, mo kà á o.

Lóṣù kan ṣáájú Sátidé yẹn, Látífàt ní òun fẹ́ gbé e lọ fọ̀. Mo ní kó máa gbé e lọ.

“Mummy, ẹ dijú! Surprise ni o!” Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. “Oya, ẹ wò ó. Bàbá kan ní Surrey Quays ló bá wa tún un ṣe. Ó fi wool àtijọ́ ta kókó ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè mọ ibi tó ti bàjẹ́ mọ́, àbí?”

N kò lè mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ wá a. Igi náà ti hu gbogbo ewé rẹ̀ padà.

“Òwú tó yọ kúrò ńkọ́?”

“Èyí tó ti gbó yẹn? Ó ti dà á nù, Mummy.” Ó wo ojú mi. “Kò dáa ni? Ẹ ò kọrin.”

“Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́hun á tọ́jú ìwọ náà.” Mo kọrin fún un, mo pàtẹ́wọ́ sí i, títí ó fi rẹ́rìn-ín, tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí Nunhead.

Nígbà tí ìrun Alásàrì tó, mo kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Irun tuntun náà ń gún mi lórúnkún bí koríko tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Gàníyù fi kọ tirẹ̀. Èmi ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Mo forí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi.