Túbọ̀mu Ọ̀gágun Òyìnbó

Àbúrò mi, bí túbọ̀mu tó gbayì ju adé ọba lọ bá wà láyé, ti ọ̀gágun òyìnbó yẹn ni. Mo lá àlá pé a pè é wá jẹ́jọ́ ní kóòtù ìlú wa, torí ó ní kí àwọn sójà rẹ̀ yìnbọn lu àwọn obìnrin tó ń pọnmi lódò. Ìyá ìyá wa, tí ìbọn náà pa kó tó hewú, ló pè é lẹ́jọ́.

Bí ọ̀gágun ṣe wọlé, túbọ̀mu rẹ̀ funfun báláú, ó gùn títí tó fi ń gbálẹ̀ kóòtù. Adájọ́ fò dìde.

“Háà, àgbà dé! Ẹ káàbọ̀ o, bàbá!”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, lọ́yà wa náà sì tẹ̀ lé e. Ìyá ìyá wa nìkan ló dá dúró láàárín wọn, omi ń jò nínú ìkòkò orí rẹ̀ tí ọta ìbọn ti dá lu. Ó wò mí.

“Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló kù fún mi o.”

Nígbà tí mo jí, mo ti já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, àyà mi lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ fún un.