Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Wa

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1986, ọjọ́ Ajé, ni kọngílá kan láti Ọ̀dẹ̀dá dá ìwé èsì wa padà. Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwa ní Adigbẹ. A máa ń bá àwọn tó ń kọ́lé dán agbára búlọ́ọ̀kù wò. Kọngílá náà gbé ìwé èsì síwájú ọ̀gá wa, Alhaji Sàlàhúdíìnì.

Ó ní, "Búlọ́ọ̀kù kejì le ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọjọ́ kan náà la mọ gbogbo wọn. Àbí òkúta Ewékorò lẹ fi pààrọ̀ wọn?"

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Àsíátù, ọmọbìnrin tó ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà wa. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì yẹn ni yóò sì pé. Alhaji ní bí kò bá lè sọ ohun tó ba èsì jẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, kó máa lọ sílé.

Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ lèmi ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbarà lẹ́yìn iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, bàtà kan ṣoṣo ni mo sì wọ̀ já. Ọ̀gbẹ́ni Herbert Ògúnníyì ló kọ́ mi níbẹ̀. Òun ló mú mi wá síbi iṣẹ́ yìí, òun náà ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà wa ń tẹ̀lé.

Lọ́jọ́bọ̀, Àsíátù ní, "Ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù, ẹ wá wo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bóyá èmi ni mò ń ṣì í tẹ̀."

Mo ní kó tẹ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ náà dáhùn 9, lẹ́yìn náà 18, lẹ́yìn náà 27. Kò pa ti ìṣáájú rẹ́. Ṣe ló ń rò ó mọ́ tuntun.

Mo tẹ́ ìwé ètò náà sórí tábìlì. Apá ìgbáradì tó yẹ kó máa pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ wà níbẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà 400 ló wà, kò sì sí ohun tó ń pè é. Ìlà 50 ni a ní kí ẹ̀rọ máa lọ kí ó tó gba búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì wà ní ìlà 50 ni: ẸYIN ỌGA, Ẹ KU IṢẸ O.

Mo rántí bó ṣe débẹ̀. Lóṣù keje, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ètò tuntun yìí han Alhaji, ẹ̀rọ bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìkí i. Alhaji ní, "Eléyìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó jí, kò kí èèyàn, ó ń tọrọ nǹkan." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá Herbert ṣí ìgbáradì nípò lọ sí ìlà 400, ó fi ìkíni sí àyè rẹ̀ ní ìlà 50.

Àsíátù ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Ó ń kí wa, kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sọ fún Alhaji."

"Ọ̀gá Herbert wà ní Ìbàdàn. Lọ́la ni yóò dé. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, mi ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá Alhaji."

"Ọ̀la náà ni tèmi pé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àsíátù lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Alhaji pè mí wọlé níṣojú rẹ̀.

"Ó ní ètò tí Herbert kọ ló lẹ́bi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àsíátù ń wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá Herbert dé ná, sà."

Alhaji dá Àsíátù dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀.

Aago mẹ́rin ni ọ̀gá Herbert dé. Mo sọ fún un ní ìta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́. Ó wo ìwé ètò náà pẹ́.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí. "Kí ló dé tí o dúró dè mí?"

Ó wọlé lọ sọ fún Alhaji lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ètò náà: 50 di 400. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ Ajé, Alhaji rán mi sí ìyá Àsíátù, Bùsírátù, tó ń rẹ aró ní Ìtòkú, pé kí ọmọ rẹ̀ padà síbi iṣẹ́. Ó dá mi lóhùn láìdúró lẹ́nu iṣẹ́: ọmọ òun ní òun kò ní padà síbi tí ẹni tó mọ òtítọ́ ti dákẹ́.

Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Àsíátù, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.